Kí Ẹ Tó Ra Kámẹ́rà: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Láàárín DSLR Àti Pélébé

"Ẹ̀gbọ́n, èwo ni kí n rà, DSLR ni àbí kékeré tó ń wọ àpò yẹn?" Ìbéèrè yìí kì í tán létí ẹni tó ń fi fọ́tò jẹun. DSLR ni kámẹ́rà ńlá tó ní dígí nínú, tí lẹ́ǹsì rẹ̀ ṣe é yọ; kékeré yẹn ni mo ń pè ní pélébé. Ohun tó máa ń tẹ̀ lé e ni iye owó, lẹ́yìn náà megapixel, ìyẹn iye mílíọ̀nù àmì tíntìntín tó para pọ̀ di fọ́tò. Èyí tó yẹ kó ṣáájú kì í sábà jáde lẹ́nu wọn: kí lẹ fẹ́ máa yà, ibo lẹ ó ti máa yà á, ọ̀sán ni àbí òru? Ìyá tó fẹ́ máa ya àwọn ọmọ rẹ̀ nílé, ọ̀dọ́ tó fẹ́ máa tẹ̀ lé ìnáwó kiri láti fi wá oúnjẹ òòjọ́, àti ẹni tó fẹ́ ya àwọn ilé Pópó Àgùdà l'Ékòó kò lè ra ohun kan náà. Síbẹ̀, ohun kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ń rà: kámẹ́rà dúdú ràbàtà tí okùn rẹ̀ wà lọ́rùn, nítorí pé òun ló jọ ti oníṣẹ́.

Megapixel kọ́ lẹ ó fi mọ èyí tó dára

Ibi tí ìyàtọ̀ gidi wà ni sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ojú inú kámẹ́rà tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sí. Ti DSLR Canon tí owó rẹ̀ kò ga jù jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 22 sí 15. Èyí tí wọ́n ń pè ní full frame jẹ́ 36 sí 24. Ti pélébé olówó pọ́ọ́kú kò ju nǹkan bíi 6 sí 4.5 lọ, kò tó èékánná ọmọńdinrín àgbàlagbà. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, full frame fẹ̀ tó ìlọ́po ọgbọ̀n rẹ̀. Bí oníṣòwò bá wá ní 20 megapixel ni pélébé ọwọ́ òun, kò parọ́, ṣùgbọ́n ńṣe ni wọ́n há gbogbo rẹ̀ mọ́ ojú bíńtín yẹn. Lọ́sàn-án gangan, ẹ lè má rí ìyàtọ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ojú fọ́tò á rí ṣákaṣàka, irun orí àti ọnà ara léèsì á dàpọ̀ mọ́ra wọn.

Nikon D700 tó jáde ní 2008, megapixel 12 péré ló ní, àwọn oníṣẹ́ sì fi í jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ẹ bá fẹ́ fọ fọ́tò íǹṣì 4 sí 6 fún álúbọ́ọ̀mù, megapixel 2 lé díẹ̀ ti tó. Èyí tí ẹ fẹ́ gbé kọ́ pálọ̀, íǹṣì 8 sí 10, kò gbà ju 7 lé díẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ jù lọ kámẹ́rà tuntun tí wọ́n ń tà lónìí ló kọjá ìyẹn.

Lẹ́ǹsì inú páálí

Àṣìṣe tó ń dùn mí jù nìyí, torí àwọn tó fi làálàá tu owó DSLR jọ ló máa ń ṣe é. Wọ́n á kó gbogbo owó lé kámẹ́rà lórí, wọ́n á wá fi lẹ́ǹsì 18-55 tó bá a wá nínú páálí lọ ya ìnáwó alẹ́. (Mílímítà, mm, ni nọ́ńbà yẹn: bó bá ṣe ga tó ni lẹ́ǹsì ń fa nǹkan súnmọ́ tó, tí ohun tó ń wọ inú fọ́tò sì ń dín kù.) Lẹ́ǹsì yẹn kò burú. Lójú oòrùn, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fà á dé 55 láti mú ojú ìyàwó súnmọ́, kò lè ṣí ju f/5.6 lọ. Bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ẹnu lẹ́ǹsì ṣe ń là tó, lẹ́ǹsì f/1.8 sì ń gba ìmọ́lẹ̀ tó bí ìlọ́po mẹ́wàá ti f/5.6. Nínú họ́ọ̀lù tí wọ́n ti dín iná kù, kí kámẹ́rà lè rí ìmọ́lẹ̀ tó tó, shutter, ìlẹ̀kùn inú tó ń ṣí fún ìmọ́lẹ̀, á falẹ̀, ìyàwó tó ń jó á wá rí bàìbàì, ọwọ́ olówó tó ń lẹ náírà mọ́ ọn níwájú orí á sì di mẹ́ta.

Ẹ wá wo Canon PowerShot G7 X, tó jáde ní 2014. Pélébé ni, ó ń wọ àpò. Sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 13.2 sí 8.8, lẹ́ǹsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti f/1.8, bí ẹ bá sì fà á dé òpin, f/2.8 ló dúró sí. Sẹ́ńsọ̀ DSLR Canon tí mo kọ́kọ́ mẹ́nu bà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta tirẹ̀, ṣùgbọ́n f/2.8 ń gba ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po mẹ́rin f/5.6. Nínú họ́ọ̀lù yẹn, pélébé yìí á rí ìmọ́lẹ̀ gbà ju DSLR tí lẹ́ǹsì inú páálí wà lẹ́nu rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tí mo sọ èyí fún kì í gbà, títí wọn yóò fi gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ibi tí DSLR ti lé e ni pé lẹ́ǹsì rẹ̀ ṣe é pààrọ̀, ó sì máa ń yára mú ojú ẹni tó ń rìn bọ̀. Ti pélébé, lẹ́ǹsì tó bá a wá náà ni yóò bá a lọ.

Nítorí náà, bí owó yín bá mọ sórí kámẹ́rà nìkan, ẹ má tíì rà á. Ẹ wá DSLR tó ti pẹ́ díẹ̀ lọ́jà, kí ẹ fi èyí tó bá ṣẹ́ kù ra lẹ́ǹsì.

Ẹ sì má sáré níbẹ̀ náà. Lẹ́ǹsì 50 mm f/1.8 ni gbogbo ayé máa ń júwe, ó dára, kò sì wọ́n. Àmọ́ lórí DSLR tí kì í ṣe full frame, bíi 75 tàbí 80 ló ń ṣe. Ẹ gbé e lọ síbi ìsọmọlórúkọ nínú pálọ̀ tóóró, ẹ ó fi ẹ̀yìn ti ògiri tán, ìdajì ẹbí á ṣì wà níta fọ́tò. 35 mm tàbí 24 ló yẹ inú ilé. Bí ó bá jẹ́ Nikon tó wà nínú ìdílé D3000 tàbí D5000 lẹ ní lọ́wọ́, bíi D3500, ẹ ṣọ́ra fún 50 mm tí wọ́n kọ AF àti D sí lára. Kò sí mọ́tò nínú àwọn kámẹ́rà wọ̀nyẹn tó lè yí i, ọwọ́ ni ẹ ó máa fi yí i títí ojú á fi mọ́, kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn òbí ti gbàdúrà tán. AF-S ni kí ẹ bèèrè.

Fíláàṣì, kánópì àti léèsì funfun

Ẹlòmíràn rò pé bí òun bá ti ní DSLR, ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ tán nìyẹn. Fíláàṣì kékeré ara kámẹ́rà, ìbáà jẹ́ ti DSLR tàbí ti pélébé, agbára rẹ̀ kì í sábà ju mítà mẹ́ta sí mẹ́rin lọ, ojú èèyàn ló sì ń lù tààrà: iwájú orí á máa dán, ẹ̀yìn á ṣú dùdù. Ohun tó ń gba oníṣẹ́ sílẹ̀ ni fíláàṣì ńlá tí wọ́n ń kì bọ orí kámẹ́rà, tí wọ́n á kọ ojú rẹ̀ sókè kí ìmọ́lẹ̀ lè kọ́kọ́ lu àjà kó tó sọ̀ kalẹ̀ sára èèyàn. Ọ̀pọ̀ pélébé kò ní ibi tí wọ́n ń kì í bọ̀. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ìnáwó lẹ fẹ́ fi kámẹ́rà ṣe, ìdí yìí nìkan tó láti mú DSLR.

Ẹ gbójú sókè ná kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ họ́ọ̀lù máa ń fi aṣọ bo àjà, bí aṣọ náà bá jẹ́ àwọ̀ àlùkò, àwọ̀ àlùkò ni ìmọ́lẹ̀ tó bá ibẹ̀ padà á kùn sójú gbogbo àlejò. Kánópì pupa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án láìsí fíláàṣì rárá. Kò sí kámẹ́rà tí owó rẹ̀ pọ̀ tó láti wo èyí sàn. Ẹ bẹ ẹni tó ń náwó kó bá yín bọ́ sábẹ́ igi tàbí ẹnu ọ̀nà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò tí yóò gbé kọ́ níbẹ̀.

Léèsì funfun tún nìyẹn. Kámẹ́rà kò mọ̀ pé aṣọ funfun ló wà níwájú òun. Ó rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú adúmáadán á sì dúdú débi pé a kò ní rí ẹ̀rín tó ń rín. Bọ́tìnì tí wọ́n kọ + àti − sí lẹ ó lò: ẹ sún un sí ọ̀nà + díẹ̀, kí ẹ sì máa wo ojú, ẹ má wo aṣọ. Lórí ọ̀pọ̀ DSLR, ìka kan ti tó láti débẹ̀ láìgbé ojú kúrò. Nínú ọ̀pọ̀ pélébé, inú ménù ló wà, nígbà tí ẹ bá fi máa rí i, wọ́n ti gé kéèkì tán. Ẹ ní kí oníṣòwò fi hàn yín kí ẹ tó sanwó.

Pélébé kì í ṣe ohun ìṣeré

DSLR àti lẹ́ǹsì méjì wúwo nínú báàgì. Ẹni tí kò fi í jẹun, tó ń wọ danfo, tó ń gun ọ̀kadà, kì í pẹ́ tí yóò fi máa fi í sílẹ̀ nílé, kámẹ́rà tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kì í ya nǹkan kan. Ẹ tún wo ọjà Ọ̀jẹ́ n'Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń ta aṣọ òkè. Bí ẹ bá yọ DSLR síta níbẹ̀, àwọn kan á dúró gbagidi bí ẹni tó wà ní stúdíò, àwọn mìíràn á bèèrè ilé iṣẹ́ ìròyìn tí ẹ ti wá. Pélébé kì í dá irú ariwo bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ṣáà kí wọn, kí ẹ tọrọ àyè: "Ẹ kú ọjà o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè ya àtẹ aṣọ yín?"

Ricoh GR III, tó jáde ní 2019, ní sẹ́ńsọ̀ tó tó ti DSLR lásán, ó sì ń wọ àpò ṣòkòtò. Kò ní zoom, kò ní fíláàṣì, ẹsẹ̀ yín lẹ ó fi súnmọ́ ohun tí ẹ fẹ́ yà. Irú èyí àti G7 X ni mò ń sọ. Ti pélébé olówó pọ́ọ́kú, fóònù tó dára ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àfi bó bá jẹ́ zoom lẹ fẹ́, ìyẹn zoom tí lẹ́ǹsì fúnra rẹ̀ ń fà. Digital zoom tí wọ́n ń fi nọ́ńbà gàgàrà polówó kò ju pé kí wọ́n gé àárín fọ́tò, kí wọ́n fẹ̀ ẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀

Ní 2018, Canon mú EOS R jáde, Nikon mú Z6 àti Z7 jáde. Mirrorless ni wọ́n, wọn kò ní dígí inú tó mú kí DSLR nípọn, ibẹ̀ sì ni àwọn ilé iṣẹ́ méjèèjì kọjú sí báyìí. Àwọn tó ń ṣí lọ síbẹ̀ ń ta DSLR wọn, ìdí rèé tí èyí tó dára fi wà lọ́wọ́ àwọn onítòkunbọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi dẹ́rù bà yín pé DSLR ti kú. Lẹ́ǹsì EF, ìyẹn ti DSLR Canon, tí ẹ bá rà lónìí á bá EOS R ṣiṣẹ́ lọ́la, adapter, òrùka tó ń so méjèèjì pọ̀, ni ẹ ó fi sí i lẹ́nu.

Ẹ bèèrè iye ìgbà tí shutter rẹ̀ ti ṣí. Ti Nikon D3500, 100,000 ni ilé iṣẹ́ fojú sùn. Ti Canon 5D Mark III, 150,000. Ó lè kọjá bẹ́ẹ̀, ó sì lè má dé ibẹ̀. Ara tó mọ́ tónítóní kì í ṣe ẹ̀rí. Kámẹ́rà stúdíò kì í rí oòrùn, ó sì lè ti ṣiṣẹ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, eruku, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Ẹ ya ògiri funfun tàbí ojú ọ̀run ní f/22 lórí DSLR, tàbí nọ́ńbà f tó ga jù tí pélébé náà bá ní, kí ẹ fẹ fọ́tò náà lójú rẹ̀, kí ẹ wo gbogbo igun. Àmì dúdú tó bá wà lójú kan náà nínú fọ́tò méjì tẹ̀léra, eruku orí sẹ́ńsọ̀ ni. Lórí DSLR, oníṣẹ́ á yọ lẹ́ǹsì, á nù ún. Lórí pélébé, lẹ́ǹsì tó ń yọ síta tó ń wọlé ló fa eruku náà wọ inú, àfi kí wọ́n tú gbogbo ara rẹ̀ palẹ̀. Ẹ tàn án, ẹ pa á, ẹ tún tàn án, kí ẹ fetí sí lẹ́ǹsì yẹn. Bó bá ń ha, tàbí tó ń ṣe ségesège kó tó jáde, ẹ dá a padà fún oníṣòwò, kí ẹ sì máa lọ.