Ìgò Kẹrin: Bí Mo Ṣe Pín Ẹ̀dá Méje Sí Ìsọ̀rí Wọn

Ìgò kékeré méje ni olùkọ́ wa gbé fún mi, nọ́ńbà nìkan ló wà lára wọn. Iṣẹ́ tó yàn fún mi ni pé kí n sọ ìsọ̀rí tí ẹ̀dá inú ìgò kọ̀ọ̀kan wà, kí n sì kọ ẹ̀rí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí àyẹ̀wò DNA níbẹ̀ o. Maikirosíkóòpù, àwọn aró tí a fi ń kun sẹ́ẹ̀lì, àti ojú mi, ó tán. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo lò. Ìgò kẹrin nìkan gba mẹ́rin nínú rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ tò wọ́n bí ojú ṣe rí wọn: èyí tó hu irun wúruwùru lọ́tọ̀, èyí tó ń yọ̀ bí ikun lọ́tọ̀, èyí tó lẹ̀ mọ́ èèpo igi, mo pè é ní ewéko. Bí Carl Linnaeus, onímọ̀ ará Sweden tó pín àwọn ẹ̀dá sí ìsọ̀rí, náà ṣe ṣe é nìyẹn. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1753, àárín ewéko ló to olú sí. Nígbà tó sì tún kan àwọn ẹ̀dá tín-ín-tín tí ojú lásán kò rí, ó fún wọn ní orúkọ kan, ó ní Chaos. Mi ò bá a wí, ohun tó ní lọ́wọ́ ló fi ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n èmi ní ohun tó ju tirẹ̀ lọ, nítorí náà mo da gbogbo rẹ̀ rú, mo bẹ̀rẹ̀ láti inú sẹ́ẹ̀lì.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, ṣé sẹ́ẹ̀lì yìí ní kóró (nucleus, ibi tí DNA rẹ̀ ń gbé) nínú àbí kò ní? Omi inú ìgò kìíní àti ìkejì jọra, ó rí bí omi ọṣẹ. Lábẹ́ maikirosíkóòpù, wọn ò jọ ara wọn rárá. Sẹ́ẹ̀lì inú ìgò kejì rí roboto, ó gùn tó micrometre 5 sí 10 (micrometre kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún milimita), ọmọ sì ń yọ lára ìyá. Ìwúkàrà ni. Ti ìgò kìíní ò ju micrometre 1 sí 2 lọ, kò sí kóró kankan nínú rẹ̀. Bakitéríà nìyẹn.

Mo wá fi ọ̀nà tí Hans Christian Gram gbé jáde ní 1884 yẹ̀ ẹ́ wò: aró elésè àlùkò, lẹ́yìn náà áyódìn, kí a fi álíkọ́ọ̀lù fọ̀ ọ́, kí a wá fi aró pupa kun ún. Bakitéríà tí ògiri rẹ̀ nípọn á di aró àkọ́kọ́ mú, èyí tí tirẹ̀ fẹ́lẹ́ á jẹ́ kó ṣàn lọ. Álíkọ́ọ̀lù ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Mo jẹ́ kó pẹ́ jù nígbà àkọ́kọ́, gbogbo rẹ̀ sì di pupa. Lẹ́ẹ̀kejì, mo fi bakitéríà kan tí mo mọ̀ dájú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí gíláàsì kan náà, ìgbà yẹn ni mo tó gbà pé elésè àlùkò ni tèmi. Àwọ̀ yìí kò sì ní kí n mọ gbogbo ìran rẹ̀ o. Ní 1977, Carl Woese àti George Fox fi hàn pé àwọn ẹ̀dá kan tí a ń pè ní bakitéríà tẹ́lẹ̀ jẹ́ ìran mìíràn pátápátá, archaea. Ojú lásán ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìkarùn-ún, ìkẹfà àti ìkeje ò pẹ́. Ohun eléérú tó lẹ̀ mọ́ èèpo igi kì í ṣe ewéko: fọ́nrán fungi (ìdílé olú àti ìwúkàrà) ló wé mọ́ algae aláwọ̀ ewé (ẹ̀dá kékeré tó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ), ẹ̀dá méjì tí ń gbé pọ̀. Olú inú ìkẹfà ní spore (ẹyọ tín-ín-tín tí fungi fi ń bí sí i) mẹ́rin mẹ́rin lórí sẹ́ẹ̀lì tó rí bíi kùmọ̀, Basidiomycota ni, ìsọ̀rí kan nínú fungi. Ikun aláwọ̀ ìyeyè inú ìkeje ti gun ògiri ìgò kí ilẹ̀ tó mọ́. Sẹ́ẹ̀lì ńlá kan ṣoṣo tó ní kóró rẹpẹtẹ ni, ìbátan àmíbà.

Ó wá ku ìkẹta àti ìkẹrin. Àwọn méjèèjì funfun, wọ́n rí bí òwú, fọ́nrán wọn kò sì ní ìdábùú nínú. Mo kọ “fungi” sí iwájú àwọn méjèèjì. Ìkẹta gbe ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹ̀, orí dúdú tó kún fún spore yọ sókè lára rẹ̀, Rhizopus ni, fungi tó máa ń hù lára búrẹ́dì. Ìkẹrin, tó hù lára irúgbìn kan nínú omi, kò hu irú orí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ṣóńṣó fọ́nrán rẹ̀ wú, ó kún fún ẹyọ kéékèèké. Nírọ̀lẹ́, níṣojú mi, ṣóńṣó kan là, àwọn ẹyọ náà tú jáde, wọ́n sì ń lúwẹ̀ẹ́ lọ.

Mi ò tètè pa “fungi” rẹ́. Àwọn fungi kan wà tí ń jẹ́ chytrid, ọmọ tiwọn náà ń lúwẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ìrù kan ṣoṣo lẹ́yìn ni wọ́n ní. Mo kán áyódìn sí tèmi kí wọ́n lè dúró. Ìrù méjì ni mo kà. Mo kà á lára ẹyọ mẹ́wàá kí ọkàn mi tó balẹ̀. Mo wá fi èròjà tó ń kun cellulose, ohun tí ògiri sẹ́ẹ̀lì ewéko fi le, dán ògiri fọ́nrán náà wò, ó gbà á, nígbà tí ti Rhizopus, tó jẹ́ chitin, ohun tó wà lára èèpo kòkòrò, kò gbà á.

Oomycete ni. Ìbátan diatom (algae tín-ín-tín inú omi) àti ewéko òkun aláwọ̀ ilẹ̀ ni, fungi sì sún mọ́ ẹranko jù ú lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, torí kì í ṣe orúkọ lásán. Phytophthora infestans, tó ba pọ̀tétò jẹ́ ní Írẹ́lándì láti 1845 títí ìyàn fi mú, oomycete ni. Oògùn tó ń pa fungi nípa dídènà ergosterol, ọ̀rá tí fungi ń pèsè fún awọ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, kì í ràn án, nítorí oomycete kì í pèsè ergosterol.

Mo gbé ìgò kẹrin síbi tó tutù. Nígbà tó yá, àpò roboto yọ lára rẹ̀, ẹyin mélòó kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo kọ Saprolegnia, orúkọ ìran oomycete kan, mo sì fi àyè orúkọ kejì, èyí tó ń sọ irú rẹ̀ gan-an, sílẹ̀ lófìfo.