Jákọ́bù kì í ṣe "ẹlẹ́tàn": àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nípa orúkọ náà

Ẹ má sọ fún ẹni tó ń jẹ́ Jákọ́bù pé "ẹlẹ́tàn" ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀. Àṣìṣe yìí ló burú jù, torí ó ń kó ìtìjú bá ọmọ tí kò ṣẹ̀.

Genesisi 25:26 ti sọ ibi tí orúkọ náà ti ṣẹ̀ wá. Rèbékà bí ìbejì, ọwọ́ èyí àbúrò sì di gìgísẹ̀ Ésáù mú bó ṣe ń jáde bọ̀. ʿAqev ni gìgísẹ̀ lédè Hébérù, Yaʿaqov, ìyẹn Jákọ́bù, ni wọ́n sọ ọmọ. Kọ́ńsónáǹtì ayin, qof àti bet wà nínú méjèèjì. Orúkọ bí ọmọ ṣe wáyé ni, bí a ṣe ń pe ọmọ tó mú ẹsẹ̀ wáyé ní Ìgè.

Ẹnu Ésáù ni "ẹlẹ́tàn" ti jáde, ní Genesisi 27:36, nígbà tí ìbùkún ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó fi orúkọ náà bú àbúrò rẹ̀, ó ní ó jin òun lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ tó lò bá orúkọ náà tan, Jeremáyà 9:4 sì lò ó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ èébú ẹni tí inú ń bí kọ́ ni a fi ń túmọ̀ orúkọ. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ tilẹ̀ gbà pé ìkékúrú orúkọ tó túmọ̀ sí "kí Ọlọ́run dáàbò bò ó" ni Jákọ́bù.

Ẹ má sì ka ìtàn náà bí ti Táíwò àti Kẹ́yìndé. Lọ́dọ̀ àwọn Hébérù, ẹni tó kọ́kọ́ jáde ni ẹ̀gbọ́n. Òun ló ni ogún àkọ́bí. Ìdí nìyẹn tí ìjà fi le tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan sọ pé orúkọ Ísírẹ́lì ti pa orúkọ Jákọ́bù rẹ́. Rárá o. Ti Ábúrámù ló rí bẹ́ẹ̀: lẹ́yìn Genesisi 17:5, Ọlọ́run kò fi orúkọ àtijọ́ pè é mọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí Ó ti sọ Jákọ́bù ní Ísírẹ́lì ní orí 32, tí Ó tún un sọ ní orí 35, "Jákọ́bù, Jákọ́bù" ló ṣì pè é ní 46:2. Ní Ẹ́kísódù 3:6, Ọlọ́run Jákọ́bù ló pe ara Rẹ̀ fún Mósè.

Èyí tó kù kéré: James àti Jákọ́bù kì í ṣe orúkọ méjì. Iakobos ni Gíríìkì pe àpọ́sítélì tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní James, Bíbélì Yorùbá sì kọ ọ́ ní Jákọ́bù. Yàkúbù àwọn Mùsùlùmí náà nìyẹn.