Sumac: Ẹ Má Fi Orúkọ Nìkan Dá Igi Mọ̀

Gbogbo igi tí wọ́n bá ti ń pè ní sumac (àwọn kan wà nínú wọn tí wọ́n ń fi èso wọn ṣe ìyẹ̀fun pupa kíkan tí wọ́n ń jẹ) ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pa pọ̀. Àṣìṣe yìí lè dá egbò síni lára. Èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní poison sumac kò sí lára ìran Rhus, orúkọ tí àwọn onímọ̀ fi ń pe ẹgbẹ́ igi sumac, mọ́. Toxicodendron vernix ni. Lóòótọ́, Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, pè é ní Rhus vernix ní 1753, àwọn onímọ̀ tó wá lẹ́yìn ló yà á sọ́tọ̀. Bí oje rẹ̀ bá kanni, awọ ara á lé ròrò, á sì máa yúnni. Ẹ má sì dáná sun ún rárá, torí èéfín rẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ẹ wo èso kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Èso ti olóró funfun, ó sì máa ń rọ̀ dirodiro sísàlẹ̀. Inú irà ló ń hù sí. Ti Rhus typhina àti Rhus glabra, àwọn sumac tí kò lóró, pupa, ó dúró ṣánṣán lórí ẹ̀ka, ẹ ó sì rí i ní ilẹ̀ gbígbẹ lẹ́bàá títì. Bí kò bá tíì so, ewé ni kẹ́ ẹ wò: etí ewé àwọn méjì yìí rí ṣákaṣàka bí eyín ayùn, ti olóró ń dán borogidi ni.

Ẹ má sì gbàgbé ẹbí tí sumac ti wá. Anacardiaceae ni, ẹbí máńgòrò, kajú àti ìyeyè. Ẹni tó bá ti yan kajú rí mọ bí epo inú èèpo rẹ̀ ṣe ń jó èèyàn lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹni tí kajú kò bá bá lára mu, kó béèrè lọ́wọ́ dókítà kó tó jẹ sumac.

Ní ti ibi tí sumac ti ṣẹ̀, àwọn kan a ní Amẹ́ríkà ni. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun pupa kíkan tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Túrkì ní Lọ́ńdọ̀nù kò ti ibẹ̀ wá. Èso Rhus coriaria ni, igi agbègbè Òkun Mẹditaréníà, láti Sísílì títí dé Íránì. Rhus chinensis wà ní Ìlà-Oòrùn Éṣíà ní tirẹ̀.

Ti Áfíríkà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ìwé àtijọ́ ń pè ní Rhus níbí ti bọ́ sínú ìran mìíràn tó ń jẹ́ Searsia. Bí ìwé kan bá kọ Rhus lancea, tí òmíràn kọ Searsia lancea, igi Gúúsù Áfíríkà kan náà ni. Ẹ má kà á ní méjì.