Bí A Ṣe Ń Ṣọ́ Àwọn Ọmọ Ẹgbẹ́ Òmùwẹ̀

Ẹgbẹ́ òmùwẹ̀ tí kò ní omi ìlúwẹ̀ẹ́ tirẹ̀, tó jẹ́ pé ilé ìtura tàbí ilé ẹ̀kọ́ ló ti ń háyà rẹ̀ fún wákàtí méjì lọ́jọ́ Sátidé, kò gbọdọ̀ gbà pé onílé ti bá òun ṣètò ààbò tán. Ọwọ́ ẹni tó ń darí ẹgbẹ́ ni ẹ̀mí àwọn ọmọ wà, láti ìgbà tí wọ́n bá ti wọlé títí di ìgbà tí òbí wọn bá gbà wọ́n padà.

Ohun tí mo kà sí pàtàkì jù lọ ni pé kí ẹnì kan wà tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju pé kó máa wo omi. Kóòṣì kò lè ṣe é, nítorí bó bá ti ń tún apá ọmọ kan ṣe, ojú rẹ̀ ti kúrò lára àwọn tó kù. Kí ẹni tí ẹ bá yàn mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa, kó mọ bí a ti ń yọ ènìyàn nínú omi, kó dúró síbi tó ti lè rí ìsàlẹ̀ omi láti ìkángun kan dé èkejì, kó má ṣe mú fóònù dání, kí ẹlòmíràn sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nítorí ojú a máa rẹni.

Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ẹni tó ń rì kì í sábà pariwo. Omi ń bò ó lẹ́nu, ó sì ń ṣí i. Kò ráyè mí, áńbọ̀sì kó ké. Apá rẹ̀ máa ń nà sí ẹ̀gbẹ́, tí á máa fi tẹ omi mọ́lẹ̀. Orí rẹ̀ á tẹ̀ sẹ́yìn, ara rẹ̀ á dúró lóòró, kó tó pé ìṣẹ́jú kan ó lè ti lọ sísàlẹ̀. Nígbà kan, mo dúró létí omi, mò ń bá òbí kan sọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ tí wọ́n ń san lóṣooṣù, ọmọbìnrin ọmọ ọdún méje kan sì wà níwájú mi tó gbójú sókè, tí irun dídì rẹ̀ bò ó lójú. Mo rò pé ó ń ṣeré. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bẹ́ sómi tó fà á jáde. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ́ àwọn olùṣọ́ pé bí ọmọ bá ṣàdédé dákẹ́ nínú omi, kí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Bí kò bá dáhùn, kí wọ́n má ṣe dúró mọ́.

Kí ọmọ kankan tó wọ omi, ẹ lọ síbi tó jìn jù, kí ẹ wò ó bóyá ẹ rí ihò tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀ kedere. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ dá àwọn ọmọ padà sílé, kódà bí ẹ bá ti sanwó. Ihò náà gbọ́dọ̀ ní ìdérí tí kò mì, nítorí agbára ẹ̀rọ tó ń fa omi lè gbá irun ọmọ mú. Kílórínì, oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi, kò gbọdọ̀ dín sí mìlígíráàmù 1 nínú lítà kan, pH, ìyẹn ìwọ̀n bí omi ṣe kan sí, sì gbọ́dọ̀ wà láàárín 7.0 àti 7.8. Àwọn kan gbà pé omi tí òórùn rẹ̀ ń tani nímú ló mọ́, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí kílórínì bá pàdé òógùn àti ìtọ̀ ni òórùn yẹn ń jáde. Ìdí nìyí tí ọmọ fi gbọ́dọ̀ tọ̀ kó sì fi omi ṣan ara kó tó wọlé. Ẹ má gba ọmọ tó ń ṣu gbuuru láyè rárá, nítorí kòkòrò àrùn Cryptosporidium lè wà láàyè ju ọjọ́ méje lọ nínú omi tí kílórínì rẹ̀ pé. Bí àrá bá sán, kí gbogbo wọn jáde, kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sì kọjá lẹ́yìn èyí tó sán kẹ́yìn.

Ẹ kọ ipò ìlera ọmọ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé orúkọ. Ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde kì í ṣe ẹni tí a ń lé. Omi tútù àti àìmu omi tó ló lè dá ìrora rẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà, bí dókítà rẹ̀ bá gbà, kó lúwẹ̀ẹ́ nígbà tí oòrùn bá ti mú omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó má pẹ́, kí aṣọ ìnura rẹ̀ sì wà nítòsí. Ọmọ tó ní wárápá gbọ́dọ̀ ní àgbàlagbà nínú omi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó o. Ínhélà, ìyẹn oògùn fífà símú, ọmọ tó ní ikọ́ fée gbọ́dọ̀ wà létí omi, kì í ṣe nínú mọ́tò òbí rẹ̀.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ jù ló ń dá mi níjì. Wọ́n á mí léraléra kí wọ́n tó wọ ìsàlẹ̀ omi láti díje ẹni tí yóò pẹ́ jù, wọn kò sì mọ̀ pé irú mímí bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ kí ènìyàn dákú láìmọ̀ pé èémí ti tán. Ẹ ka eré yẹn léèwọ̀.

Bí ọmọ bá rì, ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ kò gbọdọ̀ bẹ́ tẹ̀ lé e. Kó na ọ̀pá sí i. Bí ẹ bá gbé e jáde tí kò mí, ẹ má gbé e dorí kodò, ẹ má sì tẹ ikùn rẹ̀ pé kí omi jáde. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ẹ di imú rẹ̀, kí ẹ fẹ́ èémí sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀marùn-ún, lẹ́yìn náà kí ẹ máa tẹ àárín àyà rẹ̀ nígbà 30, kí ẹ sì máa fẹ́ èémí lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹnì kan sì ti máa wá ọkọ̀ ilé ìwòsàn.

Ewu mìíràn tún wà tí kì í ṣe ti inú omi. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe tirẹ̀ ní 2007, ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé. Kóòṣì kan kò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ nínú yàrá ìpààrọ̀ aṣọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú fóònù wọbẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ fi ìsanra ọmọ ṣẹ̀fẹ̀. Kí ẹ yan ìyá kan tí kì í ṣe ìyàwó tàbí ìbátan kóòṣì, tí àwọn ọmọ lè fẹjọ́ sùn, kí ẹ sì fi hàn wọ́n.

Bí àkókò bá pé, ẹ ka àwọn ọmọ lórí ilẹ̀, ẹ fi iye wọn wé èyí tó wọlé. Olùṣọ́ omi ni kó jáde kẹ́yìn, lẹ́yìn tó bá ti tún wo ìsàlẹ̀ omi lẹ́ẹ̀kan sí i, tó sì ti ti ilẹ̀kùn.