Ìtàkùn ẹlẹ́gùn-ún gba ilẹ̀ tí a fẹ́ fi da ẹran: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣán gbogbo bramble, ìtàkùn ẹlẹ́gùn-ún tó bo ilẹ̀ mi. Kò pẹ́ tó tún fi rú, ó tilẹ̀ ki ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Orí lẹ fá, irun á tún hù. Kókó líle tó wà ní ìdí rẹ̀, lójú ilẹ̀ tàbí nísàlẹ̀ díẹ̀, ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Àwọn ọ̀pá ẹlẹ́gùn-ún tí ẹ ń rí kì í sábà lò ju ọdún 2 lọ: ọdún kìíní, wọ́n á ga, ọdún kejì, wọ́n á so, wọ́n á sì kú. Kókó ìdí ni kì í kú, òun ló ń yọ ọ̀pá tuntun lọ́dọọdún. Èyí tó wá burú jù ni pé bí orí ọ̀pá kan bá tẹ̀ tó sì kan ilẹ̀, ibẹ̀ á ta gbòǹgbò, á di igi mìíràn. Bí igbó rẹ̀ ṣe ń rìn nìyẹn.

Ẹ gé e kó ku bí ìgbọ̀nwọ́ kan, kí ẹ lè mọ ibi tí ìdí kọ̀ọ̀kan wà. Lẹ́yìn òjò, tí ilẹ̀ bá rọ̀, ẹ fi ọkọ́ tàbí dígà hú kókó náà tòun ti gbòǹgbò ńláńlá rẹ̀. Ẹ má pa ara yín lórí àwọn tínínrín. Ẹ kàn máa padà wá wò ó. Èyí tó bá tún yọ, ẹ fà á tu kó tó le. Ibọ̀wọ́ aláwọ ni kí ẹ wọ̀ o, ti aṣọ kò ràn án.

Ìbéèrè: Ilẹ̀ náà tóbi ju èyí tí mo lè máa hú lọ ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ da ewúrẹ́ sí i. Ewé àti ọ̀mùnú ẹlẹ́gùn-ún wù wọ́n jẹ. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó: ìgbà tó bá tún rúwé ni kí wọ́n padà jẹ ẹ́, títí okun inú gbòǹgbò á fi tán. Kí ọgbà yín le, kí ẹ sì dáàbò bo igi tí ẹ kò fẹ́ kí wọ́n bó ní èèpo. Èmi ò ní fi àgùntàn ṣáájú, torí ẹ̀gún máa ń há mọ́ ọn nírun, kò sì ní lè kúrò níbẹ̀.

Ìbéèrè: Oògùn apakoríko ńkọ́?

Ìdáhùn: Èyí tó ń jẹ́ glyphosate á pa koríko tí ẹran fẹ́ jẹ mọ́ ọn. Triclopyr, oògùn mìíràn tó ń pa bramble, kì í sábà pa koríko. Ewé tó ti là dáadáa ni kí ẹ fín in sí. Iye ọjọ́ tí ẹran kò gbọ́dọ̀ fi wọ ibẹ̀ wà lára ike rẹ̀; ẹ tẹ̀ lé e. Ewéko olóró tí oògùn bá ti mú tilẹ̀ lè wá máa wu ẹran jẹ.

Ìbéèrè: Tí mo bá ti ṣán an tán, ṣé kí n kó màlúù wọlé?

Ìdáhùn: Ó tì. Ẹ kọ́kọ́ ṣa wáyà àti àfọ́kù ìgò tó fara pamọ́ sábẹ́ igbó. Wáyà tí màlúù bá gbé mì lè gún un nínú títí dé ọkàn. Lẹ́yìn náà, ẹ gbin koríko síbi tó bá ṣófo, kí ẹ sì jẹ́ kó mú ilẹ̀ dáadáa kí ẹran tó tẹ̀ ẹ́.