Bí Ewì Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́ Ṣe Lè Yé Yín Kó sì Dùn Mọ́ Yín

Bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń ka ewì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́: wọ́n á sáré fojú gbá a kọjá, wọ́n á sì máa retí kó yé wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Kò ní yé wọn. Ewì yìí fẹ́ ẹnu, ó fẹ́ etí, ó sì fẹ́ sùúrù.

Ẹ fi èyí tó kúrú bẹ̀rẹ̀. Sonnet, ìyẹn irú ewì kúkúrú kan, dára púpọ̀, torí ìlà 14 péré ni. Shakespeare ní 154 nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún 1609. Ẹ mú nọ́ńbà 18, kí ẹ sì fi odidi ọ̀sẹ̀ kan dúró tì í.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹta láì wá ìtumọ̀ kankan. Sílébù 10 ló wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, ohùn sì sábà máa ń tẹ ìkejì, ìkẹrin, ìkẹfà, ìkẹjọ àti ìkẹwàá. Ẹ máa fi ìka lu tábìlì tẹ̀ lé e. Bí kò bá sí àmì ìdánudúró níparí ìlà, ẹ má dánu dúró, ẹ kà á wọ ìlà tó tẹ̀ lé e. Ibí yìí gan-an ni ìtumọ̀ ti máa ń bọ́ sọnù. Ìlù yìí náà ló bí "o'er" àti "e'en": akéwì gé ọ̀rọ̀ kúrú kí sílébù má baà lé.

Ọmọ Yorùbá ní àǹfààní ńlá kan níbí. "Thou", "thee" àti "thy" ni "ìwọ" tiwa. "You" ni "ẹ̀yin". Ọ̀rẹ́, olólùfẹ́, ọmọdé, ìránṣẹ́, àti Ọlọ́run pàápàá ni wọ́n ń pè ní "thou", "you" sì wà fún ọ̀pọ̀ èèyàn àti fún ẹni àpọ́nlé. Bí akéwì bá fi ọ̀kan sílẹ̀ bọ́ sí èkejì, ẹ wò ó dáadáa: ṣé ìfẹ́ ló wọlé ni, àbí ìwọ̀sí? Ìyàtọ̀ yìí ti kúrò lẹ́nu àwọn tó ni èdè náà lónìí; a ṣì ń lò ó láràárọ̀. Ní ti "hath" àti "doth", "has" àti "does" ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ kò rí rí kì í ṣe ewu, torí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí ẹ rò pé ẹ mọ̀ ló ń ṣini lọ́nà. "Wherefore" kì í bèèrè "níbo". "Kí ló dé" ló ń bèèrè. "Presently" lè jẹ́ "lójú ẹsẹ̀". Ẹ wo "ow'st" nínú "that fair thou ow'st" ní ìlà kẹwàá nọ́ńbà 18: ẹni tó bá fi Gẹ̀ẹ́sì òní kà á á rò pé gbèsè ni. Láyé ìgbà náà, "owe" tún lè jẹ́ kéèyàn ni nǹkan, "fair" ibẹ̀ sì ni ẹwà. Ẹwà tó jẹ́ tìrẹ ni akéwì ń wí. Torí náà, ẹ ra ẹ̀dà tó ní àlàyé nísàlẹ̀ ojú ìwé.

Bí gbólóhùn bá dojú rú, ẹ wá ọ̀rọ̀-ìṣe, ẹ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá bèèrè pé ta ló ṣe é. Lẹ́yìn náà, ẹ fi Yorùbá tiyín kọ gbólóhùn kan fún ìlà mẹ́rin mẹ́rin, àti ọ̀kan fún méjì tó gbẹ̀yìn.

Bí "proved" àti "loved" tó parí ìlà méjì tó gbẹ̀yìn nọ́ńbà 116 kò bá bá ara wọn mu létí yín, ẹ̀bi yín kọ́. Ìró èdè ló yí padà.

Lọ́jọ́ keje, ẹ bo àlàyé mọ́lẹ̀, ẹ tún ka nọ́ńbà 18 sókè. Láti ìlà kẹta dé ìkẹjọ ni akéwì ti ń ka àbùkù ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn: afẹ́fẹ́ ń gbo òdòdó, oòrùn ń mú jù, ìgbà náà kì í pẹ́. Ìlà kẹsàn-án wá fi "But" bẹ̀rẹ̀. Ẹ mí síbẹ̀, kí ẹ tó kà á lọ.