Ẹrẹ̀ Tí Ẹ Kó Sétí Gọ́tà: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lára Àwa Tí A Ń Tọ́jú Odò Àdúgbò

Àdá ni mo mú lọ́wọ́ ní Sátidé àkọ́kọ́ tí mo bá ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ilẹ̀ àti odò àdúgbò wa jáde n'Íbàdàn. Mo ti pọ́n ọn láti alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Odò kékeré ni odò wa, ó ń ṣàn lọ bá odò Ògùnpa, eèsún sì bo bèbè rẹ̀ débi pé ẹni tó bá dúró sínú rẹ̀, orí rẹ̀ kò ní hàn. Kó tó di aago mẹ́wàá, èmi àti àwọn géńdé mẹ́ta ti ṣán gbogbo rẹ̀, a ti fi ọkọ́ hú gbòǹgbò, a ti gbá ilẹ̀ mọ́ tónítóní. Àwọn tó ń kọjá lórí afárá ń kí wa kú iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni òjò ńlá kan rọ̀, omi sì jẹ bèbè náà wọlé títí ó fi kù díẹ̀ kó kan ògiri ilé ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ. Màmá yẹn kò bú wa. Ó kàn bi mí pé, "Ọmọ mi, ta ló ní kí ẹ bọ́ aṣọ lára odò?"

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ àṣìṣe tiwa àti ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá bá wa. Púpọ̀ nínú wọn, ìdí kan náà ni wọ́n ti hù: a máa ń gbàgbé pé ohun tí a bá fi sílẹ̀ létí omi, omi á gbé e lọ fún ẹlòmíràn.

Nítorí náà, ẹ má fá bèbè odò lórí. Ojú tí a fi ń wo àgbàlá ilé la fi ń wo etí odò, igbó lójú wa sì jẹ́ ìdọ̀tí àti ilé ejò. (Ejò wà níbẹ̀ lóòótọ́, n kò ní tàn yín.) Ṣùgbọ́n gbòǹgbò eèsún, ti ọparun àti ti àwọn igi kéékèèké ló di erùpẹ̀ ibẹ̀ mú. Bí wọ́n bá kúrò, erùpẹ̀ di ti àgbàrá. Kò sì ní í lọ jìnnà: abẹ́ afárá tó kàn ló ti máa jókòó, á dí ojú omi, bí òjò míì bá sì rọ̀, omi á wá ọ̀nà ilé onílé lọ. Ohun tí à ń ṣe báyìí ni pé a ń la ojú ọ̀nà tóóró kan tó gba ènìyàn àti bárò, a ń yọ ọ̀rá àti ike tó há sínú koríko, a sì ń fi koríko sílẹ̀. Ibi tí a bá ti ní láti gé e, òkè la ti ń gé e, a kì í hú u. Igi tó wó dí omi la ń gé kúrò, a kì í sì í ju ẹ̀ka rẹ̀ sódò.

Ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ ló wá kàn, ibẹ̀ ni inú ti máa ń bí mi jù. Ẹni tó bá ti gbé Ìbàdàn mọ̀ ọ́n. Ní Sátidé ìmọ́tótó, gbogbo àdúgbò jáde, wọ́n fi ṣọ́bìrì kó ẹrẹ̀ dúdú jáde nínú gọ́tà, wọ́n tò ó sétí gọ́tà bí ebè, wolé-wolé kọjá, ó ní ẹ kú iṣẹ́, oníkálukú wọlé lọ wẹ̀. Ebè yẹn á wà níbẹ̀ di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọkọ̀ á tẹ̀ ẹ́, ewúrẹ́ á tú u, òjò á sì gbá a padà síbi tó ti wá. Mo ti kó ẹrẹ̀ kan náà nínú gọ́tà kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ojú mi tó là. Ẹ má fọwọ́ kan ṣọ́bìrì kí ẹ tó mọ típà tàbí ọmọlanke tó máa kó o, ọjọ́ tó máa kó o, àti ibi tó máa dà á sí. Bí owó típà kò bá sí, ẹ wa ìwọ̀n tí bárò lè kó tán kó tó di ọ̀sán, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Ogún ìṣísẹ̀ gọ́tà tó mọ́ délẹ̀ sàn ju òpópónà kan tí ẹ to ẹrẹ̀ sí létí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti òkè ṣí gọ́tà ń ti ìdọ̀tí lọ bá ibi tó ti há tẹ́lẹ̀ ni.

Àwọn àgbà ìlú yìí kì í fi ọ̀rọ̀ ojú omi tó dí ṣeré. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, Ògùnpa kún, ó gbé ènìyàn, ó gbé ilé, ó gbé mọ́tò. Títí di òní, ẹ óò gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé òun bí lágbájá lọ́dún omíyalé. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, omíyalé tún dé, ó wó afárá káàkiri ìlú, àwọn tó bá a lọ sì lé ní ọgọ́rùn-ún. Òjò rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ilé tí a kọ́ sójú omi àti ìdọ̀tí tí a dà sínú rẹ̀ ló bá lọ́nà. Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ebè ẹrẹ̀ létí gọ́tà, gbígbà fún un ni.

Igi gbíngbìn ni àwọn tó ń wá lẹ́ẹ̀kan fẹ́ràn jù, ibẹ̀ náà la sì ti ń ṣòfò jù. Ẹnì kan ta wá lọ́rẹ ọmọ igi nínú oṣù kọkànlá, inú wa dùn, a gbìn ín lọ́jọ́ kan náà. Ọyẹ́ dé, gbogbo rẹ̀ gbẹ. Ní ìhà tiwa, oṣù karùn-ún sí oṣù keje ló yẹ kí ẹ gbìn ín, lẹ́yìn tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, kí gbòǹgbò rẹ̀ lè ráyè wọlẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Ẹ ya ọ̀rá dúdú tó wà nídìí rẹ̀ kúrò! Mo ti hú èyí tó kú rí, tí mo bá gbòǹgbò rẹ̀ tó ká jọ sínú ọ̀rá bí òkùkù òwú. Ẹ má sì rì í kọjá ọrùn, ibi tí igi ti pàdé gbòǹgbò, kí igi rẹ̀ má baà jẹrà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ta ni yóò bomi rin ín? Igi tí ẹ bá pè ní "igi gbogbo wa" ni ewúrẹ́ ń jẹ. Ogún igi là ń gbìn báyìí dípò igba, a sì ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ilé tó kọjú sí i lọ́wọ́, pẹ̀lú ọgbà ọparun kékeré yí i ká. Àwọn kan á ní kí a gbin tíìkì nítorí pé ó ń mówó wá. Tíìkì dára fún pákó. Létí odò, ewé rẹ̀ tó fẹ̀ ń kó òjò jọ, ó ń dà á sílẹ̀ ní ẹ̀kán ńláńlá sórí ilẹ̀ tí koríko kì í fi bẹ́ẹ̀ hù sí, erùpẹ̀ á sì máa lọ. Bèbè tí à ń wí kọ́ ni ti tíìkì.

Ẹ má sì wọ àdúgbò kan pẹ̀lú irin iṣẹ́ láìtíì kí Baálẹ̀ tàbí mọ́gàjí ibẹ̀. Bẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ béèrè èèwọ̀ odò náà: ibi tí a kì í fi irin kàn, ẹja tí a kì í pa, ọjọ́ tí a kì í wọ̀ ọ́. Àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Ṣebí èèwọ̀ pé a kì í pẹja, a kì í dọdẹ, a kì í gégi ló jẹ́ kí igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ṣì dúró dìgbà tí UNESCO fi kọ ọ́ mọ́ ogún àjọni àgbáyé ní 2005. Èèwọ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí ẹnikẹ́ni tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀.

Èyí tó ń ba orúkọ wa jẹ́ ni jíjágbe mọ́ àwọn tó ń dalẹ̀ sódò. Ọmọ kékeré kan nínú wa pariwo mọ́ màmá kan lójú ọ̀nà pé, "Ẹ̀yin lẹ̀ ń ba odò jẹ́!" Màmá gbé garawa ilẹ̀ wọn kalẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Níbo lẹ wá fẹ́ kí n dà á sí?" Ẹnu wa wọhò. Ọkọ̀ akólẹ̀ kì í wọ àdúgbò yẹn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e la lọ bá alákòólẹ̀ kan dúnàádúrà kí ó máa dúró lẹ́bàá afárá, ọjọ́ yẹn ni ilẹ̀ tó ń wọ odò níbẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù.

Ní ti ara yín: ẹ má wọ omi láìwọ bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́. Àfọ́kù ìgò wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, àtọ̀sí ajá sì wà nínú omi tí kò ṣàn dáadáa. Ìgbín wẹ́wẹ́ inú omi ló ń tú kòkòrò àrùn yìí sílẹ̀, ó sì ń gba awọ ara wọlé láìro ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá wá ń tọ ẹ̀jẹ̀, kó lọ síléèwòsàn. Oògùn rẹ̀ wà. Bí ojú ọ̀run bá ṣú lókè odò, ẹ jáde, kódà bí oòrùn ṣì ń ràn lórí yín. Ògùnpa àti àwọn ọmọ rẹ̀ kì í kan ilẹ̀kùn.

Ẹ má fọ́n oògùn apakoríko sétí omi nítorí pé àdá ń rẹ̀ yín, ẹ má sì fọ ẹ̀rọ tí ẹ fi fọ́n ọn sódò. Ẹ má dáná sun ọ̀rá àti táyà.

Fọ́tò ńkọ́? Ẹ yà á, kò burú. Àmọ́ mo ti rí ibi tí ènìyàn ogójì wọ aṣọ kan náà, tí wọ́n ya fọ́tò fún wákàtí kan, tí ọ̀rá omi tí wọ́n mu sì ṣẹ́ kù sórí koríko nígbà tí wọ́n lọ. Ẹni tó bá jẹ́ fọ́tò ló ń wá, ọgbà Lekki tí Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní 1990 wà l'Ékòó, afárá orí igi tó wà níbẹ̀ gùn tó mítà 401. Ibẹ̀ á dùn mọ́ ọn ju gọ́tà wa lọ.

Ohun kan tí ẹnu kì í yá wa láti sọ ni pé ṣọ́bìrì kò ká gbogbo nǹkan. Ọ̀ṣun pọ́n bí ẹrẹ̀ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn nítorí àwọn tó ń wa góòlù lókè odò. Kò sí iye ọ̀rá tí a lè ṣà létí rẹ̀ tó lè dá àwọ̀ rẹ̀ padà. Bí omi yín bá yí àwọ̀ tàbí tí ẹja ń kú léfòó, ẹ kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀, ẹ ya àwòrán, ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àyíká, kí gbogbo ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń gbálẹ̀ nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Eèsún ti padà sí ẹ̀yìn ilé màmá ẹlẹ́kọ. Bí ẹ bá ń bọ̀ ní Sátidé, aago méje la ń pàdé lẹ́bàá afárá. Ẹ wọ bàtà òjò, ẹ gbé ike omi tiyín dání. Àdá, ẹ fi í sílé.